Ojóbó Ilé Asogimátùú

Ẹ má ka orí yìí sókè. Ẹ̀yin tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, mo bẹ̀ yín, mo sì kìlọ̀ fún yín. Ẹ lè fi ojú kà á. Ẹ lè kà á nínú ọkọ̀, tàbí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tàbí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà ní Èbúté Èrò, tàbí ní Olówógbowó, tàbí níbi tí obìnrin àgbà kan lè gba ẹ̀yìn fèrèsé kọjá, ẹ pa ẹnu mọ́. Àdìjátù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, kò mọ ìwé kà. Ohun tó ń dáàbò bò ó títí dòní nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n kà ni mò ń bẹ̀.

Nǹkan kan tún wà. Ìjọba ológun ṣì ni ìjọba. Ìwé tí mo kà kò ju sítáńdáàdì kẹta lọ, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ṣójà tí kò fi ní di ẹjọ́. Nítorí náà n kò ní dárúkọ bàráàkì. N kò ní dárúkọ ìlú tí wọ́n ti lo nǹkan náà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ kọ, àti ohun tí etí mi gbọ́ ní pálọ̀ wa. Ẹ ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹ̀gbọ́n mi ní etí omi. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Lùkúmọ̀n ni mí. Jíbrílù ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Igi ẹ̀gbà ni ìdílé wa ń tà ní Èbúté Èrò, igi tí ń hù nínú ẹrẹ̀ omi iyọ̀. Wọ́n á gé e wá láti òdìkejì ọ̀sà, a ó dì í ní ìdì ńláńlá, a ó tò ó sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, a ó wà á wálé. Igi náà wúwo. Bí ìdì kan bá tú lójú omi, igi á yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ á dojú dé. Bí bàbá tó bí bàbá wa ṣe lọ nìyẹn. Ojóbó ló ta lọ́jọ́ náà, ìso tí ènìyàn lè fà lẹ́ẹ̀kan kó sì tú, torí pé ó ń kánjú. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni nílé wa kò gbọdọ̀ ta ojóbó sára igi. Kókó là ń ta. Kókó tiwa, àdá ni wọ́n fi ń tú u. Bí ìdì bá pé, ẹni tó so ó á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, á ní, "Ó di ọwọ́ olówó rẹ." Ìbúra wa nìyẹn. Asogimátùú ni wọ́n ń kì wá létí omi, wọn kì í sì í fi orúkọ náà ṣeré.

Ọdún 1970 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ọyẹ́ mú gan-an, ètè gbogbo ènìyàn ń là. Ogun ṣì ń jà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, jíìpù ṣójà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, gbogbo èbúté sì dákẹ́. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín pa ẹ̀rín dé. Èmi gba ẹ̀yìn ìdì igi lọ. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí mo bá ti rí yúnífọ́ọ̀mù, ẹsẹ̀ mi kì í bi mí kó tó gbé mi sá.

Ọmọ wa ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Mọ̀núrù, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Jíbrílù bí. Katapílà ló ń wà fún àwọn tó ń la títì kó tó di pé ó wọṣẹ́ ṣójà. Ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀lé e, Kápítéènì Ṣéhù, ọmọ Ìlọrin, géńdé tí ewú díẹ̀ ti ń yọ létí. Ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá."

"Àrẹ̀mú," ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí, "jáde níbẹ̀. Ṣójà tó ń kí ènìyàn dé. Wá wò ó kó tó lọ."

Kápítéènì náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo jáde.

Igi ló ní òun ń wá. Ìdì kan ṣoṣo, tó ga tó ènìyàn, tó gùn ju fífẹ̀ yàrá lọ.

"Ta lẹ fẹ́ dáná fún?" ni Jíbrílù bi í. "Ṣé gbogbo Èkó ni?"

"Kòtò kan ni mo fẹ́ kó gbé e mì, Bàbá."

Jíbrílù wo Mọ̀núrù. Mọ̀núrù wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n wọlé.

Ní pálọ̀ wa, Kápítéènì Ṣéhù kò jókòó títí tí Jíbrílù fi jókòó. Ó yọ páálí ìṣáná kan lápò, ó gbé e sórí tábìlì. Ó wò yíká, ó rí ife pákò Jíbrílù, ó tọrọ pákò méjì-mẹ́ta, ó fi òwú so wọ́n pọ̀. Ó gbé wọn lé orí ìṣáná. Lẹ́yìn náà ló fa tábìlì kejì súnmọ́ èyí àkọ́kọ́, àlàfo díẹ̀ wá wà láàárín wọn.

"Kòtò nìyí," ó ní. "Wọ́n gbẹ́ ẹ láti inú igbó dé inú igbó. Ó jìn tó ènìyàn méjì. Ọkọ̀ ogun yòówù tó bá dé ibẹ̀, imú ni yóò fi wọ̀ ọ́, wọn yóò sì máa yìn ín níbọn níbi tó há sí. A ò lè dí i lóru, a ò lè dí i lọ́sàn-án. A ti wà níwájú kòtò yẹn látìgbà ààwẹ̀."

Ó ti ìṣáná náà dé etí àlàfo. Ó fi ìka ta pákò. Pákò já bọ́ sí àlàfo náà, ó há síbẹ̀. Ó wá ti ìṣáná gba orí rẹ̀ kọjá sí tábìlì kejì.

"Nílùú Òyìnbó tí wọ́n rán mi lọ," ó ní, "mo rí àwọn táńkì tí wọn kò ṣe fún ìbọn yíyìn. Ọ̀kan ní ẹ̀wọ̀n níwájú, tí ń yí, tí ń na ilẹ̀ bí alùfáà ṣe ń na ọmọ ilé kéú, kí bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lè bú kí ẹsẹ̀ ṣójà tó dé ibẹ̀. Ọ̀kan pọn afárá, ó ń tẹ́ ẹ lórí odò bí ẹni tẹ́ ẹní. Ọ̀kan gbé ìdì igi, ó ń jù ú sí kòtò. Irin nípọn lára gbogbo wọn, torí pé àwọn ló ń kọ́kọ́ débẹ̀. Àwa ò ní irú rẹ̀. Katapílà la ní. A ti jó irin mọ́ ọn lára yípo, a fi ihò díẹ̀ sílẹ̀ fún ojú ẹni tó ń wà á."

"Ìyẹn ni pé lébírà ló ń lọ níwájú," ni Jíbrílù wí, "àwọn tó ní ìbọn ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọmọ mi sì ni lébírà náà."

"Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà tó o láàárín wa."

Àdìjátù ti dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn tòun ti àwo omi. N kò mọ ìgbà tó débẹ̀. Ó gbé omi kalẹ̀ fún àlejò, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Bí o bá ju igi náà tán, ibo lo máa gbà?"

"Màámi, màá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màá kí gbogbo wọn bí wọ́n bá ń kọjá. Màá ní, ẹ kú ìrìn o, ẹ bá mi ra búrẹ́dì bọ̀."

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ gbá a léjìká. A rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé èmi náà rẹ́rìn-ín.

A di igi náà. Ọwọ́ gbogbo ilé ló bá a, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹ̀gbà ló sì wọ inú ìdì kan yẹn. Lọ́rì ṣójà wá gbé e, a gba Afárá Kátà kọjá lẹ́yìn lọ́rì náà, a dé ọgbà kan létí ọ̀sà níbi tí wọ́n fi iyanrìn kún omi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí katapílà náà. Mo rò pé màá bẹ̀rù rẹ̀. Ara mi kò sọ nǹkan kan. Ó rí bí ilé kékeré tí kò ní fèrèsé, tí ẹnìkan gbé lé orí ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ti fi ọ̀dà ewéko kùn ún, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin sì ṣì dúdú.

Okùn ńlá kan ló máa gbá ìdì igi mọ́ iwájú rẹ̀, irú okùn tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ òkun mọ́ èbúté. Àwọn ṣójà ti so ó fúnra wọn tẹ́lẹ̀, igi ti já bọ́ lójú títì lórí eré. Ìdí tí Kápítéènì fi ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá so ó nìyẹn. Jíbrílù so ó. Ó gbá ìdì náà ní àtẹ́lẹwọ́. "Ó di ọwọ́ olówó rẹ."

Wọ́n ti gbẹ́ kòtò kékeré kan síwájú láti fi dán an wò. Mọ̀núrù wọ inú irin, wọ́n pa á dé mọ́ ọn. Katapílà rìn, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó dé etí kòtò. Okùn tín-ín-rín kan wà tó ti ara ìso wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. A rí i tí okùn náà le. Ó dẹ̀. Ó tún le.

"Oga, e no gree," ni sájẹ́ńtì kan wí.

Mọ̀núrù yọ orí síta, òógùn bò ó. Kápítéènì Ṣéhù kò bínú. Ó rìn lọ síbi ìso náà, ó fi ìka kàn án.

"Bàbá, ìso yìí dára. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, wọn ò ní dúró kí a máa wá ọ̀bẹ. Ẹ bá wa ta ojóbó."

"Ilé wa kì í ta ojóbó."

"Mo gbọ́, Bàbá. Mọ̀núrù ti sọ fún mi."

"Tó bá ti sọ fún yín, kí lẹ wá ń bi mí sí?"

Mo ń retí pé yóò jágbe. Mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Mọ̀núrù bọ́ sílẹ̀ látorí katapílà, ó wá síwájú bàbá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn tòun ti yúnífọ́ọ̀mù ìjọba lára.

"Bàbá, ẹ ta ojóbó fún mi."

"Àjàní, dìde."

"Bí kò bá tú níbẹ̀, èmi ni mo wà nínú rẹ̀. Ẹ ta á fún mi, Bàbá."

Jíbrílù kọ ẹ̀yìn sí wa, ó wo ọ̀sà. Ọkọ̀ apẹja kan ń kọjá lọ. Ó wò ó títí tó fi lọ tán. Ó wá yípadà, ó gba àdá lọ́wọ́ sájẹ́ńtì, ó gé kókó rẹ̀, ó sì ta ojóbó. Nígbà tó parí, kò gbá ìdì náà. Ó kàn nu ọwọ́ sára aṣọ, ó wá dúró tì mí.

Mọ̀núrù fà á lẹ́ẹ̀kan. Ojóbó tú, igi já bọ́, ó yí wọ kòtò, katapílà sì gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ojú títì. Àwọn ṣójà pàtẹ́wọ́. Wọ́n fa igi jáde, wọ́n gbé e padà sáyè rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tún ta ojóbó mìíràn, ti ìrìn àjò. Kápítéènì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò, ó ní ó dára. Wọ́n gbé katapílà tòun ti igi sórí lọ́rì gígùn, wọ́n fi tapólì bò ó. Wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa gbéra.

Nílé, n kò mọ ẹni tó sọ fún Àdìjátù. Bóyá èmi ni. Ó wá bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá.

"Àkàndé, wọ́n ní ẹ ta ojóbó fún ọmọ mi."

"Òun ló ní kí n ta á."

"Ọmọdé ni. Ẹ̀yin kì í ṣe ọmọdé."

"Àyìnkẹ́, bí kò bá tú, yóò há sétí kòtò. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

"N kò ní kó má tú. Mo ní kí Ọlọ́run dì í mú títí dìgbà tó yẹ kó tú. Ojóbó lásán, ta ló ń dì í mú?"

Jíbrílù ń bá àlùwàlá rẹ̀ lọ. Àdìjátù da gèlè bo orí, ó gba Olówógbowó lọ. Ó wá Alùfáà Sùrájù lọ, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kéú. Alùfáà kọ ẹsẹ Kùránì kún wàláà, pátákó ìkéwú rẹ̀, lójú méjèèjì, ó fi omi fọ tàdáwà tó fi kọ ọ́ sínú igbá, ó sì da oyin sí i bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Oyin ìgàn ni, ó ki, ó dúdú. Hàntú nìyẹn. Àwa tí a dàgbà sí Ìsàlẹ̀ Èkó, a ti mu ún nígbà ibà, a ti mu ún nígbà ìdánwò, a ti fi wẹ ojú ọmọ tuntun.

Láàárọ̀, gbogbo wa lọ dágbére. Kápítéènì wà níwájú lọ́rì, òun àti dẹrẹ́bà ń yẹ táyà wò. Àdìjátù bẹ ọmọ rẹ̀ kó ká tapólì sókè díẹ̀. Mọ̀núrù ká a. Alùfáà Sùrájù dúró, ó ń ka àdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Àdìjátù gun irin lọ́rì, obìnrin tí orúnkún ń dùn, ó gbé igbá sókè, ó da hàntú náà sórí ojóbó díẹ̀díẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pa á mọ́ okùn náà lára, ó ń tẹ̀ ẹ́ wọnú, bí ẹni ń para fún ọmọ ọwọ́.

"Ọlọ́run, dì í mú," ó ní. "Má jẹ́ kó tú lójú ọ̀nà."

"Àmín," ni gbogbo wa wí. Àmín ti Jíbrílù ló ròkè jù. Ojú rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àná. Ó wá síbi ìdì náà, ó ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì.

"Àjàní, ọmọ Asogimátùú. Ọmọ ẹni tó so igi tí omi ò lè tú. Lọ o. Bọ̀ o." Ó gbá ìdì náà ní àtẹ́lẹwọ́. "Ó di ọwọ́ olówó rẹ."

Mọ̀núrù fi tapólì bò ó padà. Ó lá ìka rẹ̀ tí oyin ti kàn, ó ṣẹ́jú sí mi. "Bọ̀ọ̀dá Lùkúmọ̀n, ó dùn o." Kápítéènì pè é. Ó fò sókè, lọ́rì gbéra, eruku ọyẹ́ bò ó. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ogun parí. Kò pẹ́ rárá. Rédíò ló sọ ọ́, àwọn ènìyàn sì kún Tinúbú, wọ́n ń gbá ara wọn mọ́ra, àwọn tí kò mọ ara wọn rí. Èmi náà débẹ̀. Ẹnìkan gbá mi mọ́ra. N kò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe, mo jẹ́ kó sọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àdìjátù tún yàrá Mọ̀núrù ṣe. Ó fọ aṣọ tí kò dọ̀tí. Àwọn ṣójà kan ń dé, a ń bi wọ́n, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹgbẹ́ tirẹ̀. Iléyá dé. Àdìjátù gba itan àgbò kan sọ́tọ̀, ó dín in gbẹ, ó fi í sínú àwo onídèérí, ó ń tún un dín lóòrèkóòrè kó má bàa bàjẹ́. Ilé gbóòórùn ẹran dídín lójoojúmọ́.

Ọ̀sán kan ni Kápítéènì Ṣéhù dé. Òun nìkan ló wà nínú jíìpù. Àdìjátù ti ẹ̀yìn ilé rí jíìpù náà, ó sáré gbé àwo ẹran, ó wá jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ìlẹ̀kùn pálọ̀, ó gbé àwo náà lé itan. Kò bi í pé ọmọ òun dà. Ó kàn jókòó.

Kápítéènì bọ́ fìlà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó dọ̀bálẹ̀ ni mo ti mọ̀.

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń kà á lára ògiri. Ó ní àárọ̀ ni. Katapílà dé etí kòtò bí wọ́n ṣe fẹ́, ọta ìbọn ń rọ̀ lu irin rẹ̀, kò wọlé. Mọ̀núrù fa okùn. Igi kò já. Ó tún fà á. Ó yọ sẹ́yìn, ó sáré síwájú, ó dúró gbì, bóyá igi máa fò kúrò. Kò kúrò. Àwọn ọkọ̀ yòókù ti tò sẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà tóóró, wọn ò lè yà. Ó ṣí ìdérí irin, ó gbé àdá, ó jáde.

"Ó gé e, Bàbá. Ó gé e tán. Igi wọ kòtò, gbogbo wa gba orí rẹ̀ kọjá."

"Òun ńkọ́?"

"Ibi tó ti gé e náà ló kú sí."

Ìdérí àwo ẹran dún lórí itan Àdìjátù, lẹ́ẹ̀kan. Kò sunkún. Kò sẹ́ni tó sunkún. Mo ń wo eṣinṣin kan tó ń rìn létí tábìlì, tábìlì tí wọ́n gbé ìṣáná lé lọ́jọ́ kìíní.

"Ta ló kírun sí i lára?" ni Jíbrílù bi í.

"Èmi ni."

"Ọlọ́run á gbà á."

"Àmín, Bàbá." Kápítéènì nu ojú. "Nǹkan mìíràn wà. Àwọn ọ̀gá mi ní kí n wádìí ọ̀rọ̀ ìso náà. N kò fẹ́ kó jẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n máa rán sí yín."

Ó mú ègé okùn kan jáde nínú aṣọ funfun. Ojóbó náà ni, ojú àdá wà lára rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gbé e sórí tábìlì. Ó dún kó bí òkúta.

"Kò sí òjò," ó ní. "Ọyẹ́ ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tapólì bò ó títí tí a fi dé ojú ogun. Nígbà tí mo ká a kúrò, eèrà ni mo bá lórí ìso náà, wọ́n ṣù bò ó. Mo gbọ̀n wọ́n dànù. A ò ráyè dán an wò mọ́, wọ́n ní ká máa lọ. Bàbá, ojóbó ni mo rí tí ẹ ta. Mo fi ọwọ́ mi dán an wò. Kí ló mú un le báyìí? Kí sì ni eèrà ń wá lórí okùn?"

Jíbrílù mú okùn náà. Ó gbé e súnmọ́ imú, bí ẹni fẹ́ wò ó dáadáa. Èmi tí mo jókòó tì í, mo gbọ́ òórùn oyin. Ó ti rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Kò wò mí. Ẹ̀bá ìlẹ̀kùn ló ń wò.

"Eèrà?" ni Àdìjátù wí.

Ó ti gbé àwo kúrò lórí itan. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀, ó ń wò ó. Ó tún wo okùn. Ó tún wo ọwọ́ náà. "Eèrà ló sọ?"

"Kókó ni mo ta," ni Jíbrílù wí.

Kápítéènì gbójú sókè. "Bàbá?"

"Mo padà débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ gbéra. Mo tú ojóbó, mo fi kókó wa há a nínú, mo jẹ́ kó rí bí ojóbó lójú. Ilé wa kì í ta ojóbó. Mo ti sọ fún yín."

"Bàbá, n kò gbàgbọ́."

"Ṣé ẹ rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì láàárọ̀ yẹn?"

"Mo rí yín."

"Ó dáa."

Kápítéènì Ṣéhù kọjú sí mi. Ojú ṣójà, láàárín ojú mi. "Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Bàbá Lùkúmọ̀n. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí?"

Mo wo ọwọ́ Àdìjátù tó ṣì wà ní ṣíṣí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí.

Àdìjátù pa ọwọ́ náà dé. Ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó lọ dúró lójú ọkọ rẹ̀, n kò sì fẹ́ rí irú ojú bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

"Àkàndé," ó ní. "Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún yín. Wọ́n ní ó dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn. Kí ló dé tí ẹ fi ṣe é?"

Jíbrílù fi aṣọ funfun wé okùn náà, ó tì í sábẹ́ itan rẹ̀, ó jókòó lé e.

"N kò ní sọ ohunkóhun mọ́."